Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Báwo Ni Alátakò Ṣe Pòórá Nílé Aṣòfin Orílẹ̀-èdè Benin?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdìrókò ni mò ń gbé, mo sì máa ń ná ọjà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ pé àwọn ará Benin ló fi han ilẹ̀ Áfíríkà bí a ṣe ń gba ìjọba lọ́wọ́ ológun láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé ní ọdún 2019, wọ́n dìbò yan aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kan ṣoṣo nínú ìdíje. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin ìgbà méjèèjì? Ṣé ènìyàn rere ti tán láàrin àwọn aṣáájú wọn ni? — Òǹkàwé láti Ìdìrókò, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni àwọn olùkọ́ yín sọ fún yín, òótọ́ sì ni èyí tí ẹ gbọ́ nípa ọdún 2019. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìwà rere àwọn aṣáájú ló mú ètò ọdún 1990, èyí tí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ ológun, dúró, nítorí náà n kò lè sọ pé àìsí rẹ̀ ló wó o. Ohun tó mú un dúró ni pé, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò sí ọ̀tọ̀kùlú olóṣèlú kan ní ilẹ̀ náà tó lágbára tó láti borí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìtọrọ ìrànwọ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin kì í ṣòro láti bọ̀wọ̀ fún nígbà tí olúkúlùkù bá mọ̀ pé òun náà lè di alátakò lọ́la.

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Nígbà tí Dàhómì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn, gba òmìnira lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ọwọ́ ọkùnrin mẹ́ta ni òṣèlú rẹ̀ wà: Hubert Maga tí àwọn ará àríwá ń tẹ̀lé, Justin Ahomadégbé tó gbára lé Abomey àti agbègbè rẹ̀, àti Sourou Migan Apithy tí agbára rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́ àti ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ilẹ̀ náà ń gbé. Kò sí èyí tó lè borí méjì yòókù, kò sì sí èyí tó fẹ́ fi ipò sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sábà rántí. Láyé àwọn Faransé, Dàhómì ni wọ́n ti ń kó akọ̀wé àti olùkọ́ lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ àkóso wọn. Nígbà tí wọ́n wá lé àwọn ará Dàhómì kúrò ní Côte d'Ivoire ní ọdún 1958 àti ní Niger ní ọdún 1963, àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí padà sí ilé tí kò ní iṣẹ́ kan tó tó wọn, àfi iṣẹ́ ìjọba. Nítorí náà, ẹni tó pàdánù ìjọba pàdánù ọ̀nà oúnjẹ òun àti ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Léraléra ni ológun gba ìjọba láàrin ọdún 1963 sí 1972. Ní ọdún 1970, àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà fohùn ṣọ̀kan láti máa jẹ ààrẹ ní ọdún méjì-méjì. Maga lo tirẹ̀ pé, Ahomadégbé gbà á ní oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ṣùgbọ́n kí ó tó kan Apithy, ọ̀gágun Mathieu Kérékou ti dé, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún kan náà.

Kérékou kéde ìlànà Marx ní ọdún 1974, ó sì yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Benin ní ọdún 1975. Nígbà tí ọdún 1989 yóò fi parí, àwọn báńkì ti kógbá sílé, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde mọ́, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú ìyanṣẹ́lódì. Ibẹ̀ ló ti gbà láti pe ìpàdé gbogboogbò tó wáyé ní Kútọnu ní oṣù Kejì ọdún 1990. Nǹkan bí 500 ènìyàn ló pésẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì, Isidore de Souza, ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti àwọn Àgùdà tí ìran wọn ti Brazil wá, ló darí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n kéde pé àwọn ni àṣẹ orílẹ̀-èdè wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yan Nicéphore Soglo, tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, ṣe olórí ìjọba. Wọ́n fi Kérékou sí ipò ààrẹ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé wọn kò ní pè é lẹ́jọ́. Ọdún 1991 ni Soglo fi ìbò lé e lọ, ọdún 1996 ni òun náà fi ìbò padà wá gbapò rẹ̀ lọ́wọ́ Soglo. Ohun tí àwọn olùkọ́ yín ń yìn nìyẹn, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tó jókòó sí ìpàdé náà: àwọn ààrẹ àtijọ́, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àdéhùn àwọn ọ̀tọ̀kùlú láàrin ara wọn ni, ó kàn jẹ́ pé ará ìlú rí àǹfààní ńlá nínú rẹ̀.

Àdéhùn náà ní ẹ̀ṣọ́ kan tó lágbára, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn aṣòfin fi ọdún kan kún sáà tiwọn fúnra wọn, láti mẹ́rin sí márùn-ún, wọ́n sì ní ìbò tó pọ̀ tó láti ṣe é. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e ní oṣù Keje ọdún náà. Àwọn adájọ́ sọ pé kì í ṣe iye ìbò nìkan ni wọn yóò wò. Ìfohùnṣọ̀kan tí ìpàdé ọdún 1990 fi lélẹ̀ jẹ́ apá kan ìpìlẹ̀ òfin náà, wọn kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìjọba tiwa-n-tiwa Benin jẹ́ nígbà tó dára, ìdájọ́ yìí ni n óò kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Patrice Talon ló wá yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Oníṣòwò òwú ni. Ó wà lára àwọn tó náwó sí ìpolongo Boni Yayi, ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 2006 àti 2011, àti lábẹ́ ìjọba Yayi ni iléeṣẹ́ ńlá tó ń yọ kóró òwú bọ́ sí i lọ́wọ́, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹrù ní èbúté Kútọnu fún un. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn ní ọdún 2012. Wọ́n gba iṣẹ́ èbúté náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn kàn án nígbà tó ti wà ní Faransé pé ó fẹ́ fún ààrẹ ní májèlé jẹ, ẹ̀sùn tí òun sì sẹ́. Yayi ní òun dárí jì í ní ọdún 2014. Ọdún 2016 ni Talon di ààrẹ. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ní láti bẹ olówó kí wọ́n tó lè díje; ní tirẹ̀, olówó náà ló fúnra rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ẹni tó ni owó, tó ni òwú tí ilẹ̀ náà fi ń rówó òkèèrè, bá tún gba ìjọba mọ́ ọn, kí ló tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú yòókù?

Ìdáhùn tó rí gbà ní oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni pé ó ṣì ku ìbò mẹ́ta. Ó fẹ́ tún ìwé òfin ṣe kí ààrẹ máa lo sáà kan ṣoṣo ọlọ́dún mẹ́fà. Ìbò 63 nínú 83 ló nílò kí ilé tó lè gbé àbá náà yẹ̀ wò. 60 ló gbà, 22 kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdún 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ ìdìbò.

Ní ọdún 2018, òfin tuntun dé. Ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ ní olùdásílẹ̀ 15 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 77. Owó ìdúró fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi orúkọ aṣòfin sílẹ̀ fò láti mílíọ̀nù 8.3 owó sẹ́fà sí mílíọ̀nù 249. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo ilẹ̀ náà kò ní rí ìjókòó kankan. Ilé ẹjọ́ tó wọ́gi lé ọ̀rọ̀ ọdún 2006 kọ́ ló tún wà níbẹ̀ ní irú èyí tí a mọ̀ ọ́n sí: Joseph Djogbénou, tó ti jẹ́ agbẹjọ́rò Talon àti mínísítà ètò ìdájọ́ rẹ̀, ló di olórí rẹ̀ ní ọdún 2018. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, ilé ẹjọ́ náà tún sọ pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé pé òun bá òfin mu. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò yẹ ìwé gbogbo wọn wò tán, ẹgbẹ́ méjì péré ló kù, méjèèjì ló sì ń ti Talon lẹ́yìn. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin; wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà; nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde. Ẹ̀mí ṣòfò ní Kútọnu lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ilé tuntun yìí ti tún ìwé òfin ṣe, ìbò mẹ́ta tó ku ní ọdún 2017 kò sì jẹ́ ìṣòro mọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ Kétu ni mí, Èkó ni mo ti ń ṣòwò. Ẹ jọ̀wọ́, Boni Yayi ní ìran Yorùbá nínú, ó sì fi ipò sílẹ̀ nígbà tí sáà rẹ̀ pé. Ṣé kì í ṣe pé bí ẹni tiwa bá padà sí ipò, gbogbo nǹkan á tún tòrò? — Òǹkàwé láti Èkó.

Ìdáhùn: Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti ń bọ̀, ọmọ Kétu, n kò sì ní fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò ó. Ó yẹ ká yìn Yayi pé ó lọ nígbà tó yẹ kó lọ. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ní ọdún 2019, tí àwọn agbófinró fi yí ilé rẹ̀ ká ní Kútọnu fún ohun tó ju oṣù kan àbọ̀ lọ, kò bójú mu fún ààrẹ àtijọ́, kò sì bójú mu fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọdún mẹ́wàá rẹ̀ pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ICC Services gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìlú pẹ̀lú ìlérí èlé tí kò ṣeé gbà gbọ́, ó sì dojú dé ní ọdún 2010. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló pàdánù owó wọn, ọ̀ràn náà sì kan mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé débi tí ó fi kúrò ní ipò. Ní ọdún 2011, ìwé orúkọ olùdìbò tuntun tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe fa awuyewuye ńlá, àwọn alátakò ní wọ́n yọ orúkọ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Yayi borí ní ìpele àkọ́kọ́ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún 1991. Kí a má sì gbàgbé ẹni tó wà nídìí owó ìpolongo yẹn, tí iṣẹ́ èbúté sì bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Bí Talon bá jẹ́ ẹni tó ti ilẹ̀kùn, lábẹ́ Yayi ló ti rí owó tó fi ra kọ́kọ́rọ́.

Ìṣirò "ẹni tiwa" yìí gan-an ni Maga, Ahomadégbé àti Apithy fi ṣe òṣèlú, ó sì wà lára ìdí tí Talon fi rí ọ̀nà sọ pé àtúnṣe pọn dandan. Kí a má tan ara wa: ìdí tó sọ ní òtítọ́ nínú. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó lé ní 200 ló wà ní ilẹ̀ náà kí òfin ọdún 2018 tó dé. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun ìní ọkùnrin kan àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀, tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba sí ọ̀dọ̀ alátakò, láti ọ̀dọ̀ alátakò padà sí ọ̀dọ̀ ìjọba, bí iye owó bá ṣe rí. Àwa tí a wà ní Nàìjíríà kò ní béèrè ìtumọ̀ èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe tọ́. Ohun tí n kò gbà ni pé kí ẹni tó ń díje ló tún máa pinnu ẹni tí yóò bá a díje.

Ẹ tún wo Sébastien Ajavon, oníṣòwò adìyẹ dídì, tó ṣe ipò kẹta ní ọdún 2016 tó sì kó ìbò rẹ̀ fún Talon ní ìpele kejì. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ní wọ́n rí kokéènì nínú kòǹténà tó ń bọ̀ wá sí iléeṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ àkànṣe kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CRIET, tún gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, ó sì dá ẹ̀wọ̀n 20 ọdún fún un nígbà tí kò sí nílé. Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha dá Ajavon láre ní ọdún 2019. Ní ọdún 2020, ìjọba Benin fagi lé ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní láti gbé ìjọba lọ síbẹ̀ ní tààrà. Ọ̀rẹ́ àná ni ọkùnrin yìí, kì í ṣe alátakò àtètèkọ́ṣe, kò sì sí ohun tí ìlú tí wọ́n ti bí i ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé òfin wọn kì í jẹ́ kí arúgbó jẹ ààrẹ? — Òǹkàwé láti Ọ̀ṣogbo.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ìwé òfin ọdún 1990 ní ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ ti pé ẹni 40 ọdún, kò sì gbọdọ̀ ju 70 lọ. Òfin yìí, pẹ̀lú òfin sáà méjì, ló mú kí Kérékou àti Soglo má lè díje mọ́ ní ọdún 2006. Àwọn tó kọ ọ́ ní àwọn ààrẹ àtijọ́ lọ́kàn, ẹ gbà mí gbọ́.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Mo dé Kútọnu láìpẹ́ yìí, títì wọn dán, iná wọn kì í sábà lọ, ìlú mọ́. Bí ìjọba bá ń ṣiṣẹ́ báyìí, kí ló kan ará ìlú bí alátakò kò bá sí nílé aṣòfin? Àti pé ṣé àwọn sójà tó gbìyànjú láti gbàjọba níbẹ̀ kò ní ìdí kankan? — Òǹkàwé láti Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lábẹ́ Talon, wọ́n tún ọ̀pọ̀ títì ṣe, òwú wọn di ọ̀kan lára àwọn tó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, àti ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí wọ́n kó ní ààfin Abomey padà fún wọn. N kò ní sọ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò já mọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè iye tí títì náà ná wọn, àti ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, CRIET rán Joël Aïvo, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ó sì rán Reckya Madougou, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, lọ fún ọdún 20. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ díje fún ipò ààrẹ ní ọdún náà. Kò ṣeé ṣe fún wọn, nítorí òfin tuntun ní ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́ 16 láàrin àwọn aṣòfin 83 àti olórí ìjọba ìbílẹ̀ 77, a sì ti mọ ẹni tí àwọn aṣòfin 83 náà ń tẹ̀lé. Talon, tó ti ṣèlérí ní ọdún 2016 pé sáà kan ṣoṣo lòun yóò lò, wọlé lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ti àwọn sójà tó jáde ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà wà lára ohun tó lé wọn padà, ó ṣeé ṣe kí ìbínú wọn ní ìdí. N kò rí ìdí kankan fún ìbọn wọn. Ilẹ̀ náà ti dán ọ̀nà yẹn wò láti ọdún 1963, ọdún 17 ni wọ́n sì fi jìyà èyí tó kẹ́yìn.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín tẹjú mọ́ ni òfin onígbọ̀wọ́ yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ẹgbẹ́ Yayi tuntun, Les Démocrates, padà sílé aṣòfin pẹ̀lú ìjókòó 28 nínú 109, ó sì dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ní ọdún 2024, wọ́n tún òfin ìdìbò ṣe, wọ́n sọ iye onígbọ̀wọ́ di ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aṣòfin 109 àti olórí ìjọba ìbílẹ̀ 77, èyí tó jẹ́ 28, iye aṣòfin ẹgbẹ́ náà gẹ́lẹ́. Nígbà tí àkókò fíforúkọ sílẹ̀ dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ náà ní òun kò gbọ̀wọ́ fún ẹni tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ mọ́. Ó ku 27. Wọn kò gba orúkọ ẹgbẹ́ náà wọlé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin fi ìbò 90 sí 19 sọ sáà ààrẹ di ọdún méje.

Àwọn méjì tí wọ́n gbà láyè láti díje ní oṣù Kẹrin ọdún 2026 ni Romuald Wadagni, mínísítà ètò ìnáwó Talon, àti Paul Hounkpè ti ẹgbẹ́ FCBE, tó ní alátakò lòun. FCBE kò ní aṣòfin kan ṣoṣo nílé tí wọ́n yàn ní ọdún 2023, iye ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó 28. Láti inú ẹgbẹ́ tó ń ti ìjọba lẹ́yìn ni onígbọ̀wọ́ tó kù ti wá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn tí yóò lè díje fún ipò ààrẹ ní ọdún 2033, kó máa ka orúkọ àwọn tó ń wọlé sí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní Kétu, ní Àjàṣẹ́, ní Parakou, kí ọdún náà tó dé.